Fáìlì ti ọsibítù ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti bàbá yín ni

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Oníkáàdì. Ẹni ọdún 74 ni bàbá mi. Láti 2016 ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ní ọsibítù kan. Lóṣù tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ ò sì já gaara lẹ́nu wọn mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ. Wọ́n ní ká máa gbé wọn lọ sí Ṣágámù. Nígbà tí a débẹ̀, dọ́kítà béèrè oògùn tí wọ́n ti ń lò, ó tún béèrè bí kíndìnrín wọn ṣe rí láti ẹ̀yìn wá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wo ara wa lójú ni. Mo padà sí ọsibítù àkọ́kọ́ pé kí wọ́n fún mi ní fáìlì bàbá, obìnrin tó wà lórí wíńdò ní, 'Fáìlì ọsibítù ni, a kì í fún aláìsàn.' Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ń pariwo lórí fóònù pé ẹ̀tọ́ wa ni, kí n lọ gbà á tipátipá. Ta ló tọ̀nà nínú wọn? Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá Ìbejì, Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Obìnrin orí wíńdò yẹn kò parọ́, àbúrò yín náà kò parọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dì mú. Ọdún 29 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá fáìlì ọsibítù ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti jókòó sídìí wíńdò yẹn rí, èmi náà sì ti sọ "a kì í fún aláìsàn" fún èèyàn tí n kò lè kà mọ́, kó tó di pé mo mọ̀ pé ohun tí mò ń sọ kò pé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn. Páálí fáìlì, ìwé inú rẹ̀, yíǹkì tí wọ́n fi kọ ọ́, ọsibítù ló ni gbogbo ẹ̀. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè yìí, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí lóṣù kẹwàá ọdún 2014, sọ ọ́ di dandan ní abala 25 pé kí ilé ìtọ́jú ní àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá wá gbé fáìlì lé yín lọ́wọ́, tí ẹ ki í bọ inú báàgì, tí ẹ wọ mọ́tò ní gáréèjì, tí báàgì sì bọ́ lọ ní ìlú Òrù, kí ni wọ́n fẹ́ wí lọ́jọ́ tí adájọ́ bá ní kí wọ́n mú un wá? Nítorí náà, ojúlówó fáìlì kì í jáde. Ẹ má tiẹ̀ béèrè ẹ̀.

Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá ní "ẹ fún mi ní fáìlì bàbá mi", "rárá" lẹ máa gbọ́. Bí ẹ bá ní "mo fẹ́ ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò bàbá mi", ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ló ni ohun tí wọ́n rí kà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Èmi nìkan kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2018, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà àti ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, ló ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ 12 ló wà nínú ìwé ọ̀hún. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí aláìsàn rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ gbà lásìkò, kó kún, kó sì pé. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí Òfin Ààbò Dátà. Òfin yẹn ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ àwọn ohun tó gbẹgẹ́, ó sì fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kó sì ní kí wọ́n tún un ṣe bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí n fi kún un pé abala 23 nínú òfin 2014 yẹn ní kí wọ́n sọ fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ṣe wà, irú ìtọ́jú tó wà fún un, ewu tó wà níbẹ̀ àti iye tó máa ná an, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, pẹ̀lú bó ṣe mọ̀wé tó. Nítorí náà, bí dọ́kítà bá ń sọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ lè ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé gan-an, bó bá gbọ́ ọ.

Àwọn kan máa ń ní àṣà òyìnbó ni kí aláìsàn máa mú ìwé ara rẹ̀ dání. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ní nǹkan bí ọdún 1957, dọ́kítà kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé, tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ṣe káàdì kan tí wọ́n fi ń fa ìlà bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i lóṣooṣù. Kò kó káàdì yẹn jọ sí ọsibítù. Ó fi í sínú ọ̀rá, ó gbé e fún ìyá ọmọ pé kó máa gbé e lọ sílé, kó sì máa mú un bọ̀. Láti ìlú kékeré orí òkè yẹn ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn ìyá tí wọn ò mọ̀wé ni wọ́n tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀yin náà, Ìyá Ìbejì, bí mo bá ní kí ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ìbejì wá báyìí, ẹ mọ dúrọ́ọ̀ tó wà. Ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọ iléèwé ni gbogbo wa máa ń gbàgbé ìwà yẹn.

Ẹ sì wò ó, àwa Ìjẹ̀bú! Kò sí ilé bàbá kan lágbègbè wa tí kò ní àpótí tí risíìtì ilẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ìwé tí bàbá bàbá gbà nígbà tí owó ṣì jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè ṣì wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n fi kàfúrà sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹ béèrè ìwé tí bàbá yẹn gbà ní láàbù lọ́dún tó kọjá, wọ́n á ní alákàrà ti fi di nǹkan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ohun tí ẹ máa ṣe.

Èyí tó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ̀yin kọ́ ni aláìsàn. Abala 26 nínú òfin 2014 sọ pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ìlera ẹni tó gba ìtọ́jú, ọsibítù kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, àní ọmọ bíbí inú pàápàá, àyàfi bí aláìsàn bá gbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, tàbí bí adájọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, tàbí bí àrùn náà bá lè ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní jàǹbá. Òfin náà ro ti ọmọdé, ó sì ro ti ẹni tí kò lè fúnra rẹ̀ sọ pé òun gbà: alágbàtọ́ rẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ lè béèrè fún un. Ìdí nìyẹn tí obìnrin orí wíńdò fi lẹ́tọ̀ọ́ láti fura sí yín. Kò mọ̀ yín rí. Ẹ̀yin lè jẹ́ ọmọ, ẹ sì lè jẹ́ ẹni tí bàbá ń bá ṣẹjọ́ ilẹ̀.

Ẹ ní bàbá ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ni kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ìwé kan tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ: pé èmi Lágbájá, tí nọ́ńbà káàdì mi jẹ́ báyìí, mo gbà kí ọsibítù fún ọmọ mi obìnrin, Làkáṣègbè, ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìtọ́jú mi. Ẹ kà á sí wọn létí ní Yorùbá, kí wọ́n mi orí. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́? Àtàǹpàkò òsì náà àtàǹpàkò ni. Ẹ fi yíǹkì pa á, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí èèyàn méjì tó wà níbẹ̀ kọ orúkọ wọn sí abẹ́ rẹ̀ pé àwọn rí i. Ẹ so fọ́tókọ́pì káàdì ìdánimọ̀ bàbá àti tiyín mọ́ ọn. Bí nǹkan bá wá burú débi pé wọn ò mọ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó dé bẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ̀yin á kọ̀wé gẹ́gẹ́ bí aṣojú wọn. Kí gbogbo àwọn ọmọ yòókù ti fẹnu kò pé ẹ̀yin ni o. Mo ti rí ibi tí ìyàwó kékeré àti àkọ́bí ti kọ ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí a ṣe ni pé a ti wíńdò.

Lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí ọsibítù, ọ̀gá àgbà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má kọ ọ́ sí ẹni orí wíńdò. Ẹ má ní "gbogbo fáìlì". Fáìlì ẹni tó ti ń gba ìtọ́jú ṣúgà láti 2016 á nípọn bí Bíbélì, ta ló fẹ́ dúró ti ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì? Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó: gbogbo èsì láàbù, pàápàá ti kíndìnrín àti ti ṣúgà, bébà tí wọ́n kọ oògùn sí, ìwé àyẹ̀wò ọkàn, ìwé tí wọ́n kọ fún wọn nígbàkigbà tí wọ́n bá dá wọn dúró tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé, àti ibi tí wọ́n kọ oògùn tí ara wọn kì í gbà sí. Ẹ sọ ìdí rẹ̀, pé dọ́kítà ní Ṣágámù ń dúró dè é. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èkejì fún yín. Òǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Ẹnu lásán kì í ní déètì.

Ẹ má lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, èrò tó máa wà lórí wíńdò yẹn á dà bíi ti Ojúde Ọba. Ẹ lọ lẹ́yìn agogo kan ọ̀sán, ní ọjọ́ tí ilé ìtọ́jú oníṣúgà kì í jókòó.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú nọ́ńbà káàdì bàbá dání. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín wọ inú yàrá wa díẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí. Ẹgbàágbèje fáìlì ló tò sórí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé àjà. Ká ní nọ́ńbà bàbá ni 04-72-19. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á rò pé ibi 04 la máa kọ́kọ́ lọ. Rárá o. Láti ẹ̀yìn la ti ń kà á. A ó lọ síbi tí wọ́n kọ 19 sí lára ògiri, a ó wá 72 nínú àwọn 19, lẹ́yìn náà la ó ka fáìlì kọ̀ọ̀kan títí a ó fi kan 04. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn kí fáìlì tuntun má baà kó jọ sójú kan, kí gbogbo òṣìṣẹ́ má sì máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ níbì kan náà. Ẹni tó mọ ọ̀nà á bá a yọ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Bí nọ́ńbà kò bá sí, orúkọ la ó fi wá a nínú àpótí káàdì, ibẹ̀ ni wàhálà Ìjẹ̀bú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní Ṣówándé ni bàbá ń jẹ́. Akọ̀wé àkọ́kọ́ kọ ọ́ ní "Sowande", èkejì fi "h" sí i, ó di "Showande". Dúrọ́ọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Lọ́jọ́ tí bàbá gbàgbé káàdì sílé, wọ́n ya tuntun fún wọn, ẹnì kan ṣoṣo ti di èèyàn mẹ́ta nínú ọsibítù kan ṣoṣo: ṣúgà ẹ̀ wà nínú fáìlì kan, ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ wà nínú òmíràn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "a ò rí i", ẹ fara balẹ̀ bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti wò ó pẹ̀lú "h" àti láìsí "h". Wọ́n á mọ̀ pé ẹ mọ nǹkan tí ẹ ń sọ.

Wọ́n lè gba owó fọ́tókọ́pì lọ́wọ́ yín. Òfin dátà fúnra rẹ̀ gbà pé bí ìnáwó rẹ̀ bá pọ̀ kọjá ààlà, ẹni tó béèrè lè san nínú rẹ̀ tàbí kó san gbogbo ẹ̀. Ẹ san án, ẹ gba risíìtì. Owó ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ má san. Ẹ ó rí ẹnì kan tó máa ní "ẹ mú nǹkan wá, màá gbé e jáde lálẹ́". Abala 29 sọ pé ẹni tí kò ní àṣẹ tó bá da àkọsílẹ̀ kọ, tàbí tó yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, lè fẹ̀wọ̀n jura títí dé ọdún méjì tàbí kó san 250,000 náírà, tàbí kó jìyà méjèèjì pọ̀. Ẹ ò ní fẹ́ tìtorí bébà tó tọ́ sí yín dé iwájú adájọ́.

Bí ẹ ti ń ṣe èyí, ẹ tún ní kí dọ́kítà ní Ṣágámù kọ lẹ́tà tirẹ̀ sí dọ́kítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù àkọ́kọ́. Dọ́kítà kì í sábà kọ̀ fún dọ́kítà. Lẹ́tà méjèèjì lè máa lọ pọ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ so èso, ẹ mú un.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín tí n kì í sọ lójoojúmọ́. Ní 2009, orí ìyá mi ń fọ́, ara wọn sì gbóná. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù kan tí wọ́n ti ń lọ tipẹ́. Wọ́n wá fáìlì wọn tì, wọ́n ya káàdì tuntun. Dọ́kítà ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ béèrè bóyá oògùn kan wà tí ara wọn kì í gbà, ìyá ní rárá, nítorí wọn ò mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ọdún 11 sẹ́yìn ní orúkọ. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí sọ́fà, èròjà oògùn tí òyìnbó ń pè ní "sulpha", wà nínú rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, awọ ara wọn ti ń bó bí ẹ̀pa tí wọ́n sè, ẹnu wọn kún fún egbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọlọ́run ló kó wọn yọ. Nígbà tí wọ́n rí fáìlì àtijọ́ yẹn lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, yíǹkì pupa wà lára páálí rẹ̀ gbàgàdà: "SULPHA". Ẹnì kan ti kọ ọ́. Ó sì jẹ́ pé èmi ọmọ wọn, iṣẹ́ fáìlì ni mò ń ṣe ní ọsibítù mìíràn, mi ò fi ọjọ́ kan béèrè ohun tó wà nínú tiwọn. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń so káàdì kékeré kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ wọn, "Ẹ má fún mi ní sọ́fà". Títí wọ́n fi relé ni.

Nígbà tí ẹ̀dà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ tò ó ní déètì déètì, kí èyí tó pẹ́ jù wà nísàlẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "creatinine" sí nínú èsì láàbù. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń kó jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Bí kíndìnrín bá rẹ̀, yóò pọ̀ sí i. Ká ní ẹ rí 1.3 ní 2019, 1.6 ní 2021, 2.1 ní 2023. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ẹ bá wò ó lóun nìkan, ẹni tó ń kánjú lè ní "ó ga díẹ̀". Ẹ tò wọ́n lé ara wọn, òkè ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. Ohun tí dọ́kítà Ṣágámù ń béèrè lọ́wọ́ yín gan-an nìyẹn. Bó bá rí 2.1 lónìí tí kò rí ti àná, kò ní mọ̀ bóyá kíndìnrín ti ń bàjẹ́ bọ̀ láti ọdún mẹ́rin ni àbí rọpárọsẹ̀ yìí àti àìmumi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀. Ó tún kan ìwọ̀n oògùn tí bàbá lè lò, ó kan omi oògùn tí wọ́n máa ń fà sí èèyàn lójú iṣan kí àwòrán orí tó hàn dáadáa, nítorí ìyẹn náà máa ń ni kíndìnrín lára.

Ẹ ṣọ́ra fún òṣùwọ̀n o. Láàbù kan á fi mg/dL ka ṣúgà, òmíràn á fi mmol/L kà á. 126 ti àkọ́kọ́ àti 7 ti èkejì, ohun kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá fi 18 pín ti àkọ́kọ́, ẹ ti dé ti èkejì. Bàbá kan sáré wá bá mi lọ́jọ́ kan tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní àgbo tí òun ń mu ti ṣiṣẹ́, ṣúgà òun ti já láti 140 sí 8. Ó ti pa oògùn ọsibítù tì. Mo mú bírò, mo fi 18 pín 140 lójú ẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo mọ̀ pé dọ́kítà kan lè ní bí aláìsàn bá ka nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀rù á bà á, tàbí kó máa yọ òun lẹ́nu. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà. Láti 2010, dọ́kítà 105 ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ṣí ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún aláìsàn wọn láti máa kà fún odidi ọdún kan. Nígbà tí ọdún pé, aláìsàn 99 nínú ọgọ́rùn-ún ní kó máa bá a lọ, kò sì sí dọ́kítà kan ṣoṣo tó ní òun ò ṣe mọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin gbé e kalẹ̀ láti 1990 pé èèyàn lè rí ìwé ìtọ́jú ara rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló mú kí àbúrò yín máa pariwo láti Kánádà. Ibi tó wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí fóònù ló ti ń ka èsì ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ẹ ya àwòrán ẹ̀dà náà kí ẹ fi ránṣẹ́ sí òun nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí WhatsApp ẹbí. Ọ̀rọ̀ kíndìnrín bàbá kì í ṣe ohun tí èèyàn márùnlélógójì máa fi "Àmín" sí lábẹ́, kí ọ̀kan nínú wọn sì fi ṣọwọ́ sí ẹgbẹ́ ìjọ.

Bí wọ́n bá kọ̀ tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí èsì, ẹ mú lẹ́tà olóǹtẹ̀ yẹn padà lọ bá ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀. Abala 30 fún yín láyè láti fẹ̀sùn kan ilé ìtọ́jú lórí bí wọ́n ṣe ṣe sí yín. Bí ìyẹn ò bá yanjú, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà wà, àjọ tó ń bójú tó òfin dátà sì wà. Ẹ kọ́kọ́ fẹ̀sọ̀ ṣe é. Púpọ̀ nínú ẹni tí mo kọ́ ní lẹ́tà yìí kò dé ọ̀dọ̀ àjọ kankan. Òǹtẹ̀ ti tó. Bí bàbá bá jẹ ọsibítù lówó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so gbèsè yẹn mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dà. Gbèsè ní bí wọ́n ṣe ń gbà á.

Kí ẹ tó gbé ẹ̀dà lọ sí Ṣágámù, ẹ jókòó ti bàbá lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́. Ẹ ka orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan sí wọn létí pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Fáìlì mọ ohun tí dọ́kítà kọ fún wọn. Kò mọ èyí tí wọ́n rà, èyí tó wọ́n jù fún wọn, èyí tó ń mú wọn tọ̀ lóru tí wọ́n fi ń jù ú sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bínú sí wọn o. Níbi tí wọ́n bá ti mi orí pé rárá, ẹ fi bírò fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ kọ "kò lò ó" síbẹ̀. Ojú ewé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi han dọ́kítà.